Ọ̀nà Tí Omi Lè Gbà Wọ Ara Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ti Dà Nù

Ẹ̀yin ọmọ tó ń yà sílé mi ní Mowó láti bi mí bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, ẹ jókòó. Mi ò ní fi gbólóhùn kan dá yín lóhùn, nítorí ẹni tó bá fi gbólóhùn kan dáhùn irú ìbéèrè yẹn, irọ́ ló ń pa. Mo ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún ń dùn mí, ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lọ́wọ́ mi, kí ẹ wá fúnra yín pinnu.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn ún sọ. Ìlú Apá ni wọ́n bí mi sí, Àwórì ni bàbá mi, Ègùn ni ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ló fà mí lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo yege, wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọ́n ń san owó oṣù nígbà tí wọ́n bá rántí. Ó parí. Omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára ènìyàn jù, kí ẹ tó rí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì fà sí i lára, omi oníyọ̀ lẹ ó fi dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń lé mi kiri: ọ̀nà wo ni omi náà máa gbà wọlé?

Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn ni Mètírọ̀n. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti pè é. Òun ni olórí wa ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè, èyí gan-an ló ń dẹ́rù bà wá. Tí bàtà rẹ bá ń dún, á ní kí o bọ́ ọ, kí o máa fẹsẹ̀ lásán rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí èékánná rẹ bá gùn, fúnra rẹ̀ ló máa gé e, kò sì ní gé e bí ìyá ṣe ń gé ti ọmọ.

Ibi tó ti ń burú ni ibi oúnjẹ. Òkèlè á ti wà lẹ́nu rẹ kí o tó mọ̀ pé ó ti dúró sẹ́yìn rẹ. Á ní, "Obìnrin kan bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Apá rẹ̀ méjèèjì kò ní iṣan. Kí lo máa ṣe?" O kò gbọdọ̀ gbé òkèlè náà mì kí o tó dáhùn. Tí ìdáhùn rẹ ò bá tọ́, á bi ẹni tó jókòó tì ọ́, ìwọ á sì máa gbé òkèlè rẹ kiri nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti jẹ ẹ̀bà tó di omi sí mi lẹ́nu rí. Àwa tí a jọ kọ́ṣẹ́ máa ń ṣépè fún un ní kọ̀rọ̀, a sì ń wo ẹ̀yìn kí a tó ṣé e.

Ó máa ń ní kí a fi ìborùn di ara wa lójú, kí a máa wá iṣan lápá ara wa. Tí o bá ní, "Mà, mo ti rí i," á gbá ọ lọ́wọ́. "O ò rí nǹkan kan. O fọwọ́ kàn án ni. Ọjọ́ tí o máa nílò iṣan jù, ojú ò ní rí i. Ọwọ́ rẹ ni kó mọ̀ ọ́n." Apá wa wú, apá wa dúdú. Ìyá mi rí tèmi nígbà tí mo lọ sílé, ó bú sẹ́kún, ó rò pé ọkùnrin ló ń lù mí.

Láyé ìgbà yẹn, inú ìgò ni omi ìwòsàn ń bọ̀, rọ́bà pupa gígùn kan ló sì ń gbé e wọ ara aláìsàn. Sísè la máa ń se abẹ́rẹ́ tí a bá lò ó tán, a ó tún pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta kékeré kan kí ó má bàa kú. Ìdí ìgò wọ̀nyí ni Mètírọ̀n ti kọ́ wa ní àwọn ọ̀nà náà. Iṣan ló dáa jù, ó ní, nítorí ohun tó bá bá ibẹ̀ wọlé ti dé ọkàn kí o tó ṣẹ́jú. Ẹnu ni Ọlọ́run dá fún omi. Tí ojú aláìsàn bá là, tí kò sì ń bì, tí a ò sì fẹ́ gbé e lọ ṣiṣẹ́ abẹ, fún un mu ní ìgbà dé ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tòògbé tí o rọ omi sí lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ, ìwọ lo sì pa á. Abẹ́ awọ itan wà, èyí dáa fún ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ lára díẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà púpọ̀, ara ti tutù nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò lábẹ́ awọ, kò sì sí ohun tó máa gbé omi náà lọ. Á kàn wú síbẹ̀ ni.

Ó wá sọ ọ̀nà tó kù. Ó ní ihò ìdí. A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, ó sì ní kí n dìde, kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo dìde. Àwọn aláìsàn ń wò mí.

Ó ní, "Ìfun ńlá ń mu omi. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò yára, kò sì gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá kánjú, á pọ̀ ọ́ padà sí ọ lọ́wọ́. Tí ara bá ti tutù jù, òun náà lè má gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gbogbo ọ̀nà bá dí, tí o bá rántí pé ènìyàn ní ẹ̀yìn, o lè fi gbé e dé ibi tí wọ́n ti lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má wá jókòó síbẹ̀ máa rọ omi o. Omi kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Máa gbé e lọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà." Ó wá kọjú sí mi. "Jókòó." Mo kà á mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí kò ní wúlò fún wa láé.

Ìgbà yí padà. Ìgò lọ, báàgì rọ́bà dé. Abẹ́rẹ́ tí a ń pọ́n lọ, èyí tí a ń lò tí a ń sọ nù dé, tí rọ́bà rírọ̀ kan á kù sínú iṣan lẹ́yìn tí o bá fa irin rẹ̀ yọ. Mètírọ̀n fẹ̀yìn tì, ó sì kú sílé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Èmi náà wá di ẹni tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń ṣépè fún ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé mi kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n máa lọ sí àwọn abúlé ọ̀sà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aboyún.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, dókítà kan dé sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nígboro. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi débi tí ojú á fi tì mí. Ó mú ẹ̀rọ kan dé tó rí bíi èyí tí káfíńtà fi ń lu ihò sára pákó, ṣùgbọ́n ó kéré. Abẹ́rẹ́ eegun ni. Ó kó wa jọ, ó mú eegun itan tólótòló jáde, ó lù ú níṣojú wa. Ó ní mùdùnmúdùn inú eegun ní iṣan tirẹ̀, eegun sì ló yí i ká, kò lè padé bí iṣan apá ṣe ń padé tí ẹ̀jẹ̀ bá tán. Ohun tó bá lè gba inú iṣan lè gba ibẹ̀, títí kan ẹ̀jẹ̀. Ó ní a kì í fi síbẹ̀ pẹ́, a kàn fi ń dúró de iṣan ni. Ó gbé ẹ̀rọ náà fún mi, èmi náà lu tólótòló. Mo sọ ọ̀nà ẹ̀yìn ti Mètírọ̀n fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó wà, Mà. Ó lọ́ra ni." Ẹ̀rọ kan náà ló wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ọ̀hún. Kì í bá wa lọ sí abúlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ogun tí mò ń jà ní àwọn abúlé náà, kí ohun tí mo fẹ́ sọ lè yé yín. Rọ́bà kan wà tí orí rẹ̀ rí roboto bí ọsàn, tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó. Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè, ni wọ́n ti ń rà á, púà ni wọ́n ń pè é, bí àwọn tó ń gbọ́ Faransé ṣe ń pè é. Àwọn ìyá máa ń fi fa omi àgbo, wọ́n á dojú ọmọ ìkókó délẹ̀ lórí itan, wọ́n á tẹ omi náà wọ ìdí rẹ̀ kí ó lè yàgbẹ́. Àwọn kan ń fi ata àti atalẹ̀ sí i. Mo ti tọ́jú ọmọ tí ìdí rẹ̀ bó láti inú. Nítorí náà, tí mo bá ti rí púà lọ́wọ́ ìyá kan, màá gbà á, màá sì fi sísọ́ọ̀sì gé e lójú rẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Nọ́ọ̀sì Onísísọ́ọ̀sì. Mi ò bínú sí orúkọ náà, títí dòní olónìí, ẹni tó bá fi ata fọ ìdí ọmọ, èmi àti ẹ̀ ò ní rẹ́.

Ọ̀sán kan, mo wà ní abúlé kan lódìkejì ọ̀sà tí kò sí ọ̀nà tó dé ibẹ̀ àfi ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tó gbé wa wá ti sọ̀ mí kalẹ̀, ó ti gbé àwọn yòókù lọ sí abúlé tó kàn. Mò ń palẹ̀ abẹ́rẹ́ mọ́ nígbà tí apẹja kan tó ń jẹ́ Sẹ̀tọ́njí sáré dé ọ̀dọ̀ mi.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ìyàwó mi. Ó bí láàárọ̀. Wọ́n ní kò sí wàhálà, àmọ́ kò dá mi lóhùn mọ́."

Mo gbé àpótí mi, mo tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe wọlé, mo rí Sẹ̀nàmi, ìyàwó rẹ̀, lórí àpótí ìjókòó kékeré kan, wọ́n gbé abọ́ ńlá sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Sẹ̀tọ́njí jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi àyà gbé e dúró kí ó má bàa ṣubú. Ara gbogbo wọn balẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń kọrin fún ọmọ tuntun nínú yàrá kejì. Nínú ìdílé wọn, tí obìnrin bá bímọ, kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ burúkú tó wà nínú rẹ̀ á fi dà tán, wọn kì í sì í fún un ní omi mu, kí omi má bàa lọ pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Abọ́ yẹn ti fẹ́ kún. Inú wọn dùn sí i pé ó ń jáde dáadáa.

Mo mú ọwọ́ Sẹ̀nàmi. Ó tutù bí ẹja. Ètè rẹ̀ funfun, ó ń mí kíákíá, mi ò sì rí ìlù ọkàn rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́.

Mo ní, "Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀! Ní báyìí!"

"Ẹ̀jẹ̀ burúkú á gòkè padà, Nọ́ọ̀sì," ni Ìyá Sẹ̀tọ́njí wí.

"Màmá, èyí tó burúkú ti tán. Èyí tó fi ń mí ló ń dà sínú abọ́ yìí."

Ó wo abọ́ náà bí ẹni pé kò tíì rí i rí. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. A tẹ́ Sẹ̀nàmi sílẹ̀, a ká àwọ̀n ẹja sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ga, a fi aṣọ bò ó. Ilé ọmọ rẹ̀ rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ le wà nínú kúlà àjẹsára mi, mo gún un ní itan, mo ń fi ọwọ́ yí ikùn rẹ̀, mo sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì jáde, lẹ́yìn náà ikùn yẹn le, ìṣàn náà sì dínkù. Mo yẹ ibi ọmọ wò, ó pé. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dà, kò sẹ́ni tó lè kó o padà.

Mo pe dókítà. Fóònù ń já, mo jáde síta, mo gun orí pèpéle kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá iṣan, Mà. A ti ń wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mo sì ní abẹ́rẹ́ eegun níbí. Ẹ ṣáà bá mi gbé e dé láàyè."

Báàgì omi kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Mo wá iṣan ní apá òsì, mo wá a ní apá ọ̀tún, mo wá a ní ẹ̀yìn ọwọ́, ní ẹsẹ̀, ní ọrùn. Mo di ojú mi, mo fi ọwọ́ wá a. Níbi tí iṣan yẹ kó wà, kò sí nǹkan kan. Mo gún, mo tàsé. Mo tún gún, mo tún tàsé. Mo dáwọ́ dúró kí n má bàa ba gbogbo ibi tó kù jẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọbìnrin yẹn ń lọ lójú mi, mo sì gbé omi dání.

Mo bi ara mi ní ìbéèrè Mètírọ̀n. Ẹnu? Ó ń tòògbé, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́ awọ? Ara rẹ̀ tutù jù. Eegun? Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lódìkejì omi. Mo gbójú sókè.

"Ìyá Sẹ̀tọ́njí, púà yín dà?"

"Púà wo? Ṣebí ẹ ti gé e, lójú gbogbo ayé."

"Èyí tí ẹ fi hàn mí ni mo gé. Èyí tí ẹ fi pamọ́ ni mò ń bèèrè."

Ó wọ yàrá, ó tú aṣọ kan, ó mú púà tuntun kan jáde, ó dì í mú ṣinṣin. "Ṣé ẹ ò ní gé e?"

"Mo fẹ́ kí ẹ fi ṣiṣẹ́ fún mi ni."

Àwọn obìnrin tó wà nínú ilé hó yèè. Ọ̀kan ní, "Ẹni tó ń kú lọ lẹ fẹ́ fún ní ẹ́nímà?" Sẹ̀tọ́njí dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi lójú rẹ̀. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ìtìjú ni o. Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà?"

Mo ní, "Ìwọ lọ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ. Aṣọ máa bò ó. Tó bá yè, òun fúnra rẹ̀ á wá bá mi jà."

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò so báàgì náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tí a pa kòkòrò inú rẹ̀ ni, kan ṣoṣo ló sì wà, mo sì ń retí iṣan. Ìfun kò bèèrè tó bẹ́ẹ̀, omi tó mọ́ tó o. Páálí iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wà nínú àpò mi. Wọ́n ní omi gbígbóná nínú fúláàsì, èyí tí wọ́n sè fún ọmọ tuntun, a fi omi inú ọ̀rá là á títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo po iyọ̀ náà mọ́ ọn nínú kẹ̀ẹ̀gì kékeré kan. Mo fi ọṣẹ fọ púà náà, mo gbọ́ òórùn, mo tún un fọ̀, nítorí ata.

Ní èbúté, ó tún kù díẹ̀ kó dàrú. Ìyá Sẹ̀tọ́njí ní òkú ni wọ́n ń tẹ́ sínú ọkọ̀, pé ẹni tó wà láàyè ń jókòó, kí a gbé ìyàwó ọmọ òun jókòó kí omi má bàa rò pé òkú ni. Mo ní kí ó jókòó síbi orí rẹ̀, kí ó má bò ó lójú, kí ó máa pè é lórúkọ, gbogbo ẹni tó bá rí wa á mọ̀ pé a kì í pe òkú bẹ́ẹ̀. Ó gbà. Nígbà tó yá, ó bọ́ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ fún iṣẹ́ tí mo fún un, ó ṣì ń pè é. A fi ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n Sẹ̀tọ́njí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó lọ́mú.

Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí ikùn Sẹ̀nàmi kí ilé ọmọ má bàa tún rọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń tẹ púà. Ó tẹ àkọ́kọ́, omi náà dà padà sórí itan rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, Màmá. Tí ẹ bá ń ṣe é fún ọmọdé, ẹ fẹ́ kó jáde ni. Èyí, a fẹ́ kó jókòó."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní. Ó yí ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì díẹ̀. Ó fi ìka méjì tẹ orí rọ́bà náà díẹ̀, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Omi náà dúró. "Vi ṣie," ó ń pè é ní Ègùn, "ọmọ mi, Sẹ̀nàmi, gbà á, gbà á fún mi." Ó tún fà, ó tún tẹ̀.

Àárín ọ̀sà la wà tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Koríko orí omi ti wọ́ wá láti òkè odò, ó tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa, ó lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀. Sẹ̀tọ́njí bẹ́ sí omi, ó ń fi àdá gé e. A ń wo bèbè lọ́hùn-ún, a ń wo òrùlé ìgboro, a ò sì lè dé ibẹ̀. Mo fi ìka kan sọ́rùn Sẹ̀nàmi, ìlù ibẹ̀ yára, ó fúyẹ́, nígbà míì mi ò gbọ́ ọ. Mo kígbe mọ́ Sẹ̀tọ́njí pé kí ó yára. Ó kígbe padà pé, "Mò ń gé e, Mà! Mò ń gé e!" Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó fà, ó tẹ̀, ó dúró.

Nígbà tí omi inú kẹ̀ẹ̀gì yẹn ti lọ sílẹ̀ dáadáa, Sẹ̀nàmi lá ètè rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nǹkan tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò lè sọ pé omi púà nìkan ló ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ti dínkù, ó dùbúlẹ̀, aṣọ bò ó. Mi ò dúró rò ó. Mo di ojú mi, mo gún un, ẹ̀jẹ̀ dé sínú rọ́bà abẹ́rẹ́, mo so báàgì mi mọ́ ọn. Sẹ̀tọ́njí gé koríko náà tán, ẹ́ńjìnnì náà hó. Ìyá Sẹ̀tọ́njí gbé báàgì náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń pe orúkọ lọ.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀ bá gbóríyìn fún mi. Ṣùgbọ́n pákó èbúté ìgboro tutù. Bí Sẹ̀tọ́njí àti àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣe ń gbé e gòkè, ẹsẹ̀ Sẹ̀tọ́njí yọ̀, gbogbo wọn sún síwájú, okùn báàgì náà há mọ́ èèkàn ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ náà já bọ́. Mo tẹ ojú ibẹ̀, mo wá iṣan míì, nǹkan tín-ín-rín yẹn ti lọ. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lójú ọ̀nà, ó dẹ́kun lílá ètè. Mo pè é, kò mira. Ìyá Sẹ̀tọ́njí náà pè é, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ.

Dókítà dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo apá Sẹ̀nàmi, ó wo ojú mi. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wá kò tíì dé, wọ́n fa Sẹ̀tọ́njí lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n lè fa tirẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó fọwọ́ wá ojúgun lábẹ́ orúnkún, ó nu ibẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi lu ẹsẹ̀ rẹ̀?" ni Ìyá Sẹ̀tọ́njí wí. "Kẹnklẹn, Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú eegun."

"Ó wà, Màmá."

Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Abẹ́rẹ́ náà dúró nínú eegun fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó dì í mú. Sẹ̀nàmi kò mira. Dókítà so rọ́bà mọ́ ọn, ó fi omi kún abẹ́rẹ́ ńlá kan, ó tì í wọlé.

Ẹ gbọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ bá là máa ń mọ̀ ọ́n lára. Bí omi ṣe ń fi agbára wọ inú eegun, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Sẹ̀nàmi ké. Ó la ẹnu, ó ké débi pé àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì sáré wá. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún abiyamọ ní ilé ìwòsàn wa, "Hẹ́ẹ̀, madam, dákẹ́ ariwo!" Ìyá Sẹ̀tọ́njí yí sí i. Kò tíì sunkún láti àárọ̀, omi ti wá gba gbogbo ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ó ké."

Nọ́ọ̀sì náà sún sẹ́yìn. Dókítà tún ti omi wọlé, Sẹ̀nàmi tún ké, ó pe ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní kí ó wá gba òun lọ́wọ́ wọn. A dúró ti ibùsùn, a ń gbọ́ ọ. Ó ṣì ń ké nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ dé, ó ń ké bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń gba inú eegun wọlé, ó ké títí ètè rẹ̀ fi pọ́n padà.